Bí A Ṣe Ń Ra Jíìpù Olówó Ńlá Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Wọ́, Tá A Sì Ń Lò Ó Tí Kò Ní Sọ Wá Di Oníbàárà Mẹkáníìkì

Táyà méjì péré ni mo pààrọ̀ o. Àwọn tẹ̀yìn ló ti fá, tiwájú ṣì dáa lójú mi, mo wá ní kí ló dé tí màá fi náwó mẹ́rin nígbà tí méjì á ṣe é. Kò pé oṣù mélòó kan, tí mo bá ti fẹ́ yà sí kọ́nà jẹ́jẹ́ báyìí, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ìdí mi bíi pé ẹnì kan dì í mú látẹ̀yìn. Transfer case, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn, ló ń kú lọ. Owó táyà méjì tí mo rò pé mo fi pamọ́, mo san án, mo tún san án, mo tún un san.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ torí òun ni gbogbo nǹkan tó kù rọ̀ mọ́. Mọ́tò lásán, ẹsẹ̀ méjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí, àwọn méjì tó kù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Jíìpù tá à ń sọ yìí, agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan ń ṣe é ní gbogbo ìgbà, bí Range Rover ṣe ń ṣe é látìgbà tó jáde ní 1970, àwọn míì sì jẹ́ pé iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí táyà bá yọ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì kan á di ẹ̀yìn mú tí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti so pọ̀ lábẹ́ mọ́tò, kọ̀ǹpútà sì ń ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Táyà tó ti fá kéré sí tuntun, tó bá kéré á jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ yí ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ kó tó lè bá a dọ́gba lọ́nà, kọ̀ǹpútà á wá rò pé ó ń yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa dì í mú kó máa tú u sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ló ti ń gbóná, ibẹ̀ náà ló ti ń jó.

Ó ti yé wa, ó yá, ẹ jẹ́ ká ra mọ́tò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń fi ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ jíìpù wà tó jẹ́ pé ara kan náà ni wọ́n gbé wọ oríṣi méjì. BMW, ẹ wo ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, xDrive ni ẹsẹ̀ mẹ́rin, sDrive ni ẹsẹ̀ méjì. Mercedes ń pe tiẹ̀ ní 4MATIC, Audi ń pe tiẹ̀ ní quattro, látọdún 1980 sì ni wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Lexus RX náà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ẹ̀ pọ̀ nígboro. Tí ẹ ò bá gba lẹ́tà ẹ̀yìn mọ́tò gbọ́, torí èèyàn lè lọ ra lẹ́tà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ lo nọ́ńbà 17 tó wà lára mọ́tò yẹn fi wádìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná mọ́tò kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, ẹ sì fẹ́ wo bí mọ́tò ṣe dúró látalẹ́ àná. Tó bá lo ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tó ń gbé mọ́tò dúró, tí igun kan wálẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń jò nìyẹn. Ẹ ṣíná, ẹ tẹ bọ́tìnnì kẹ́ ẹ gbé e sókè pátápátá, kẹ́ ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo bóyá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń gbéra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà: ṣé orúkọ kan náà ni, ṣé sáìsì kan náà ni, ṣé wọ́n jẹ dọ́gba? Ẹni tó fi oríṣi táyà mẹ́ta sábẹ́ mọ́tò báyìí, ẹ má bi í bóyá ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá wà á, ẹ wá ibi tó fẹ̀, kẹ́ ẹ yí sítíárìn dé òpin, kẹ́ ẹ fi gba róbótó jẹ́jẹ́ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún ṣe é lápá òsì. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kìn-ìn, kìn-ìn lábẹ́, tàbí tí táyà ń ta pọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ wo kọ̀ǹpútà ẹ̀ kódà tí iná kankan ò bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, torí iná yẹn ò ṣòroó pa.

Ó ti di tiyín. Ọ̀rọ̀ táyà tún dé o, mi ò lè ṣe kí n má tún un sọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó máa pààrọ̀ pọ̀. Táyà tuntun, ihò ìlà ojú ẹ̀ máa ń jìn tó mílímítà 8, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́tò yìí ò sì fẹ́ kí ìyàtọ̀ láàárín táyà kan sí èkejì ju mílímítà 2 tàbí 3 lọ, ti mọ́tò yín gan-an wà nínú ìwé ẹ̀. Kí wọ́n lè máa jẹ dọ́gba, ẹ máa gbé tiwájú sẹ́yìn, tẹ̀yìn síwájú, tẹ́ ẹ bá ti rin nǹkan bíi kílómítà 10,000. Àfi tí sáìsì tẹ̀yìn bá fẹ̀ ju tiwájú lọ, irú ìyẹn ò ṣe é pààrọ̀ ààyè fúnra wọn, ẹ fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa, ẹ ó rí àmì kékeré kan, BMW máa ń ní ìràwọ̀, Mercedes ní MO, Porsche ní N àti nọ́ńbà. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣe táyà yẹn fún mọ́tò yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táyà, àmì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tó bá sì jẹ́ irú táyà tó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, kílómítà 80 ni wọ́n sábà máa ń fún un, kẹ́ ẹ má sì sáré ju 80 lọ ní wákàtí. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fi rin ọ̀sẹ̀ méjì o.

Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ ńkọ́? Rọ́bà lásán ni, ó ń gbó, ó ń ya. Jíjò yẹn gan-an kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ni kò ní sinmi mọ́, á máa sáré, á máa sáré, títí á fi jóná, nǹkan kékeré á wá di méjì. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti rí igun tó ń wálẹ̀ lálẹ́, ẹ pọ omi ọṣẹ, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sára rọ́bà yẹn, ibi tó bá ń hó ló ń jò. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi jáàkì gbé mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ lọ pa ṣọ́ọ̀kì yẹn nínú mẹ́nù ẹ̀, torí ó lè rò pé mọ́tò ti ga jù kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara ẹ̀ kalẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹ̀.

Ọ́ìlì: ti ẹ́ńjìnnì, gbogbo ayé ló mọ̀. Ti gíà ni wọ́n máa ń sọ pé títí ayé ni, pé kò ní pààrọ̀. Ilé iṣẹ́ ZF ní Jámánì tó ń ṣe gíà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò yìí fúnra wọn ní ká pààrọ̀ ẹ̀ láàárín kílómítà 80,000 sí 120,000, ó pẹ́ tán, ọdún 8. Ẹ wá sọ fún mi ta ni ká gbọ́ tiẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé transfer case ní ọ́ìlì tiẹ̀, dífù iwájú, ìyẹn gíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ní tiẹ̀, tẹ̀yìn ní tiẹ̀. Bátìrì náà, tó bá jẹ́ AGM, irú bátìrì kan tí wọ́n máa ń kọ AGM sí lára, ló bá a wá, AGM ni kẹ́ ẹ dá padà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ fún mọ́tò pé ẹ ti gbé tuntun sí i.

Wíwà á wá. Ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, ìrìn ló ń ràn yín lọ́wọ́ fún, kò ràn yín lọ́wọ́ láti dúró. Gbogbo mọ́tò ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tiyín sì wúwo, ọ̀pọ̀ ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, ó tún ga. Lójú omi òjò, yóò gbéra bíi pé ilẹ̀ gbẹ, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró lẹ ó mọ̀ pé ó tutù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àtẹni tó wà níwájú.

Tẹ́ ẹ bá há sínú ẹrẹ̀, ẹ má fi ìbínú tẹná o, ihò lẹ̀ ń gbẹ́. Ẹ yan ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan irú ilẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí kò bá gbọ́, ẹ pa ohun tó ń dá táyà dúró pé kó má yọ̀, torí nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn ó dáa kí táyà yí díẹ̀. Omi ńkọ́, Range Rover ńlá lè la omi tó jìn tó mílímítà 900, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ò sún mọ́ ọn rárá, ẹ wo ìwé tiyín kó tó di pé ẹ wọ̀ ọ́.

Tó bá sì bà jẹ́ sọ́nà, kí wọ́n má gbé iwájú nìkan kọ́ kí wọ́n máa wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ nílẹ̀, torí ẹ̀yìn tó ń yí yẹn á máa yí nǹkan inú transfer case láìsí ọ́ìlì tó ń lọ síbi tó yẹ. Ọkọ̀ tó ní pẹpẹ lẹ ó pè, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra, torí tí wọ́n bá fi gbé ọkọ̀ tó ń fi ìkọ́ wọ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ yín tán, wọ́n á ní kò séwu, pé àwọn máa ń ṣe é.