Wàrà wòlímọ̀ tó lọ sí ààtàn, àti fíríìjì tó ń jẹ owó gáàsì

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí tí inú ṣì ń bí mi. Wàrà tí mo rà fún wòlímọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ààtàn ló lọ, gbogbo ẹ̀ pátá, kò sẹ́ni tó fẹnu kan ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ní Ìlọrin o, ìlú tó jẹ́ pé ẹni tó bá wá kí wa, wàrà ló máa rà lọ fún ará ilé kó tó wọ mọ́tò padà. Èmi tí wọ́n bí sí ẹ̀bá Ọjà Ọba, tí mo ti ń jẹ wàrà kí n tó mọ̀ ọ́n pè, èmi ni wọ́n wá ń fi wàrà ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ẹbí.

Jímọ̀ ni mo rà á, Sọ́ńdè ni wòlímọ̀. Oṣù Máàṣì ni, ẹ̀yin náà mọ ooru Máàṣì níbí, ooru tó ń lé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ẹ̀rù ò bà mí torí fíríìjì mi wà níbẹ̀, ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ gáàsì sí i ni, ₦18,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ó ní "Àǹtí, ẹ lọ fọkàn balẹ̀, títí Iléyá ẹ ò ní pè mí." Mo kó wàrà sínú omi ẹ̀, mo dé e, mo gbé e wọlé. Iná wà ní Sátidé látàárọ̀ dalẹ́, mo fojú ara mi rí gílóòbù tó ń tàn. Sọ́ńdè lẹ́yìn tí mo kírun àsùbáà tán, mo ṣí fíríìjì, òórùn kíkan ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo fọwọ́ kan wàrà, ó ń yọ̀ bí ilá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí wàhálà, ká fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́ dáadáa, ká dín in, ká wá da ata tó lé téńté lé e lórí, ta ló máa mọ̀. Mo ní láéláé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan tó bá ti bàjẹ́, tí wọ́n bá ti gbé e kaná ó ti parí. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ lè kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n á ti tu májèlé sínú oúnjẹ kí ẹ tó gbé e kaná. Èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus, inú imú wa àti ara wa ló máa ń wà, ọwọ́ la fi ń gbé e wọ oúnjẹ, tó bá sì ti pọ̀ tán níbẹ̀, májèlé ẹ̀, omi híhó ò rí i gbé ṣe. Èèyàn á jẹ oúnjẹ náà ní gbígbóná fẹlifẹli, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ wá fojú inú wo àwọn àfáà tó wá ṣàdúà fún ọmọ kí gbogbo wọn máa sá lọ sí ṣáláńgá. Mo da wàrà nù, mo gba ọjà lọ láti lọ ra ẹran ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Alápatà rí i lójú mi pé mo ń kánjú, ṣé ẹ rò pé ó máa ṣàánú mi ni? Iye tí mo san, mi ò ní kọ ọ́ síbí torí ọkọ mi máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ.

Nígbà tí nìkáà àbúrò ọkọ mi wá dé, wọ́n ń pín iṣẹ́, ẹnì kan nínú ẹbí ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wàrà fún Ìyá Rófíà o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní wàrà yẹn gan-an ni màá gbé, kò sí ẹlòmíì tó máa bá mi gbé e.

Ohun tó gba àkókò mi jù kì í ṣe wàrà rárá, fíríìjì ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mo pe ọ̀gá yẹn padà. Ó dé ní ọ̀sán gangan, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì, ó ṣí i, ó pa á dé, ó ní gáàsì ti jò. Gáàsì tó rọ lánàá-ìjẹta! Mo bi í pé ibo ló ti jò, ó ní ihò ẹ̀ kéré, ojú ò lè rí i. Ó jó páìpù kan, ó tún rọ gáàsì mìíràn, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo mu gáàsì àkọ́kọ́. Kó tó lọ, fíríìjì ti ń tutù lóòótọ́, yìnyín ti ń mú ògiri inú ẹ̀, ó nawọ́ sí i, ó ní "Àǹtí, ẹ ẹ̀ rí i?" Mo rí i. Mo san ìdajì, mo ní tí mo bá dán an wò tó dáa kó wá gba ìyókù.

Ọlọ́run ló yọ mí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mu omi nínú ẹ̀, omi ò tutù. Mo tún pè é, ó tún dé lọ́sàn-án, fíríìjì tún ń tutù, ó wá ń sọ̀rọ̀ sí mi bíi pé mo ní àìsàn. Ó dà bí ìgbà tí nǹkan ọ̀hún ń fi mí ṣeré, tó bá ti rí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà á tutù, tí ọ̀gá bá ti kọ ẹ̀yìn, ó tán.

Mo wá rántí ọgbọ́n kan tí mo ti gbọ́ tipẹ́. Ẹ bu omi sí kọ́ọ̀bù, ẹ gbé e sí fírísà títí á fi dì gbagidi, ẹ wá gbé owó kọ́bọ̀ lé yìnyín náà lórí, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá bá kọ́bọ̀ lórí yìnyín lọ́jọ́ kejì, fírísà yín ò yẹsẹ̀. Tí ẹ bá bá a nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, a jẹ́ pé yìnyín ti yọ́ nígbà kan kó tó tún padà dì, oúnjẹ tó wà níbẹ̀ náà ti yọ́ pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn, bó tiẹ̀ le bí òkúta nígbà tí ẹ dì í mú. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ wo, ní Nàìjíríà yìí? Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tó ti bàjẹ́ ni mo lò. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù ló wà, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀. Wọn ò sì mú iná lọ lóru yẹn o! Iná wà!

Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná ní Poli ló tú àṣírí ẹ̀. Ó mú mítà tó fi ń wọn agbára iná wá lọ́sàn-án, ó kà á, fóltì 210. Ó ní ó dáa, ó yẹ kó sún mọ́ 230 ni ṣùgbọ́n fíríìjì lè fi 210 ṣiṣẹ́. Ó ní òun máa padà wá lálẹ́. Ó dé ní aago mẹ́sàn-án, ìgbà tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, fáànù ń yí, ẹni tó ń lọṣọ ń lọṣọ, ẹni tó ń fa omi ń fa omi, àwọn kan ń fi iná se omi ìwẹ̀. Ó ti mítà bọ ojú iná, 135. Ó ní iná yẹn ò tó láti gbé fíríìjì, ó ní kí n gbọ́ fíríìjì ọ̀hún. Mo gbọ́ ọ: á kùn húùùù, kò ní gbéra, á dún pá, á dákẹ́, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún kùn. Bó ṣe ń ṣe é mọ́jú nìyẹn. Gílóòbù ní tiẹ̀ ń tàn, torí gílóòbù ìgbàlódé yìí, iná kékeré tó o, a ò sì lè fura. Gáàsì ò jò, páìpù ò lu. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ, alápẹpẹ yìí ni mo sì ti ń sanwó fún látìgbà yẹn!

Mo ra sitabiláísà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó bá lọlẹ̀ sókè. Owó ẹ̀ ju owó gáàsì méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má wulẹ̀ wo bó ṣe tóbi tó, ẹ wo ara páálí ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ fóltéèjì tó ti lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà, 160 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ni màá wá fi ṣe ní àdúgbò 135? Mo tún ra tẹmọ́mítà kékeré kan tí mo fi kọ́ inú fíríìjì, ó gbọ́dọ̀ máa wà ní 4°C wálẹ̀, tó bá ti ń lọ sókè ju 5 lọ, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Fírísà ní tiẹ̀, -18 ló yẹ kó wà. Tí iná bá lọ pátápátá ẹ má ṣí i o, fíríìjì tí a ò ṣí ń gbé nǹkan ró fún bíi wákàtí mẹ́rin péré, fírísà tó bá kún dẹ́nu lè gbé e dé 48, tó bá jẹ́ ìdajì ni, bíi 24.

Wàrà nìkáà wá kù. Àárọ̀ kùtù ni mo lọ sọ́dọ̀ ìyá Fúlàní tó ń ṣe é, mo lọ sí gáà wọn fúnra mi, mi ò ra ti ọjà tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀. Mo bá a nídìí ìkòkò, ewé bomubomu tó fi ń mú wàrà dì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi dání, mo ti fi omi gbígbóná ṣàn án nílé. Kì í ṣe pé mo fojú di igbá wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ omi tí wọ́n fi ṣàn án. Ọjọ́ tó ṣáájú nìkáà gan-an ni mo sì lọ, ti kí n rà á lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ó tán.

Bí mo ṣe délé, mo da omi inú ẹ̀ nù, mo fi omi tuntun àti iyọ̀ sè é, kó hó dáadáa, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n máa ń sọ pé wọ́n ti sè é tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mélòó ló ti kàn án látìgbà náà? Tó bá sì jẹ́ pé wàrà ò gbóná tó nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àrùn ara màlúù lè tinú ẹ̀ mú èèyàn, ọ̀kan wà tó máa ń fa ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù gbọọrọ, brucellosis ni dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ mi ò jẹ wàrà tútù mọ́. Wọ́n ń bínú. Èyí tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa náà, sísè ni mò ń sè é, pupa ò ní kó má bàjẹ́.

Mo sẹ́ ẹ nínú ajọ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí eṣinṣin má bà á. Dídín, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n dín, kí omi ara ẹ̀ ṣáà ti gbẹ kó má bàa ta epo sí yín lójú.

Lẹ́yìn dídín ni mo bá àwọn ìyàwó ilé jà. Wọ́n ní ká kó o ní gbígbóná sínú kúlà ńlá ká dé e pa. Ẹ gbà mí o! Wàrà gbígbóná tí wọ́n kó jọ sínú kúlà tí wọ́n dé, àárín ẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, ibi tí kòkòrò sì ti ń rọ́nà bímọ jù nìyẹn, láàárín 5 sí 60 lórí tẹmọ́mítà. Orí tírè ni mo tẹ́ ẹ sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, níwájú fáànù, ó tutù kíákíá, mo kó o sínú ike pẹlẹbẹ, mo gbé e wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Wákàtí méjì yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ pé oúnjẹ tí a ti sè ò gbọdọ̀ lò jù ú lọ níta. Nígbà ooru, wákàtí kan ni mo gbà fún ara mi.

Ọmọbìnrin kan wà tó wá ràn wá lọ́wọ́, ó fi páláṣítà wé àtàǹpàkò, ó gé ara ẹ̀ lọ́bẹ. Mo ní kó lọ bá wa to abọ́, kó má fọwọ́ kan wàrà. Inú egbò gan-an ni Staphylococcus tí mo ń sọ yẹn ń gbé. Ó bínú, ó ní mo ń ṣe bíi dókítà, títí di báyìí tó bá kí mi, ó máa ń kí mi láti ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ nìkáà, ọbẹ̀ ata ń hó lórí iná, mo da wàrà sí i, mo jẹ́ kó gbóná dénú, ìwọ̀nba tí wọ́n máa bù ni mo ń dà sí i, ìyókù wà nínú fíríìjì. Ó tán kí wọ́n tó parí wáàsí. Ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, abọ́ méjì ló jẹ, mo kà á.

Ọ̀gá onífíríìjì ṣì ń pè mí lórí ìyókù owó gáàsì kejì. Mo ní kò burú, kó wá gbà á, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kó wá.