Bí wọ́n ṣe kọ́ pírámídì Khufu, láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó

Ibojì Khufu, ọba Íjíbítì, ni pírámídì ńlá tó wà ní Giza. Ó ti lé ní ọdún 4,500 tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò sí kíréènì, kò sí táyà, àní irinṣẹ́ wọn kò ní irin nínú: bàbà, igi, okùn àti òkúta ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí.

Orí àpáta ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lé. Wọn ò wulẹ̀ gé gbogbo àpáta náà: wọ́n fi gegele àárín sílẹ̀, etí rẹ̀ yíká ni wọ́n tẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 230, síbẹ̀ ibi tó ga jù kò fi ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ga ju ibi tó rẹlẹ̀ jù. Bíríkìlà tó ti tẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yàrá méjì rí mọ̀ pé eré kọ́ nìyẹn.

Ó kan òkúta. Giza níbẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Òkúta ẹfun funfun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ wá láti Tura, lódìkejì odò Náílì. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan, Merer, kọ ìrìn àjò ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n rí ìwé náà ní Wadi al-Jarf. Akọ òkúta yàrá ọba ti Aswan wá, ó ju kìlómítà 800 lọ.

Fífà ló gba ọgbọ́n. Wọ́n á gbé òkúta lé orí igi tí wọ́n kàn pọ̀ bí àkàbà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á sì fi okùn wọ́ ọ. Iyanrìn gbígbẹ a máa wọ́ jọ síwájú rẹ̀ bí òkìtì, nítorí náà omi ni wọ́n ń dà sílẹ̀. Wọ́n ya irú rẹ̀ sára ògiri ibojì Djehutihotep, ìjòyè kan tó gbé ayé lẹ́yìn Khufu: ère ńlá lórí igi, ọkùnrin kan dúró níbi ẹsẹ̀ ère, ó ń da omi síwájú. Ìwọ̀nba ni omi ọ̀hún o. Bó bá pọ̀ jù, ẹrẹ̀ ló dà.

Bí ilé ṣe ń ga, wọ́n ń mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tì í. Irú rẹ̀ láti ayé Khufu ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ní Hatnub: àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ihò tí wọ́n ri òpó sí.

Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ tó ń dagun wọlé ló le jù. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, ọ̀kan sì jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ 7. Bí wọ́n bá ti gòkè ní ìgbọ̀nwọ́ kan, wọ́n á sún wọlé ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ 5 àti ìka 2, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Sneferu, bàbá Khufu, ti jìyà rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ pírámídì tirẹ̀ ní Dahshur: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun jù, ó sì ní láti dín in kù lágbede méjì. Ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí ti Khufu ga tó mítà 146, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán òkúta funfun náà láti ṣóńṣó. Bí wọ́n ti ń tú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ká ni wọ́n ń dán an bọ̀ wálẹ̀.