Bí a ṣe ń kó ẹ̀dà ohun inú NAS ilé lọ sórí cloud

Ẹnìkan tó sún mọ́ mi pàdánù fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ lóru ọjọ́ tí olè gbé NAS, àpótí tó ń kó fáìlì sí, lọ nílé rẹ̀. Ó ní ẹ̀dà lórí cloud o, ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tí à ń dé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń sanwó rẹ̀ bí ọdún méjì. Àmọ́ ó ti ẹ̀dà náà pa, inú NAS yẹn gan-an ló sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa fo ibì kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má fo ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

NAS ni àpótí kékeré tí a so mọ́ ráútà, tí gbogbo ará ilé ń kó fáìlì sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dísìkì méjì tó wà nínú rẹ̀ ti tó. Dísìkì kejì wúlò bí àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, ibẹ̀ ló mọ. Fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí méjèèjì ló ti máa kúrò. Iná àti olè kì í sì í mú ọ̀kan kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́dún 2014, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní SynoLocker wọ inú NAS tí ilé-iṣẹ́ Synology ṣe, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n wá fowó gbà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, fáírọ́ọ̀sì mìíràn, DeadBolt, ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń lo NAS ilé-iṣẹ́ QNAP, 0.03 bitcoin ló ń béèrè.

Synology ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ torí òun ni mo ń lò, Backblaze B2, ibi ìtọ́jú fáìlì lórí cloud, sì ni ibi tí a máa kó ẹrù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì B2. Kí ẹ tó parí ìforúkọsílẹ̀, ẹ yan agbègbè tí fáìlì yín máa wà. Ìbàdàn ni mo wà, EU Central tó wà ní Amsterdam ni mo mú. Ọ̀fẹ́ ni 10 GB àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣooṣù lẹ ó máa sanwó, nítorí náà ẹ nílò káàdì tó lè san dọ́là.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá bucket kan, ìyẹn àpò tí fáìlì yín máa wà nínú rẹ̀ lórí B2, kí ó jẹ́ “Private”. Ẹ wá sí “Lifecycle Settings”, kí ẹ mú “Keep only the last version of the file”. Ẹ má fojú kéré èyí. Hyper Backup, ètò orí Synology tó máa bá wa kó ẹ̀dà lọ, fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Bí B2 náà bá tún ń tọ́jú ohun tí Hyper Backup ti jù nù, ẹ ó máa sanwó pàǹtírí. Ẹ kọ “Endpoint” bucket náà, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀, sílẹ̀.

Ní “Application Keys”, ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun fún bucket yẹn nìkan, kí ẹ sì fọwọ́ sí “Allow List All Bucket Names”. Nǹkan méjì lẹ máa rí: keyID àti applicationKey. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi èkejì hàn, nítorí náà ẹ dà á kọ kí ẹ tó kúrò lójú ìwé náà.

Ó kù sórí Synology. Ẹ gba Hyper Backup láti Package Center, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, ẹ yan “S3 Storage” (ọ̀nà tí B2 náà ń gbà), kí ẹ wá mú “Custom Server URL”. Ẹ fi Endpoint síbẹ̀, keyID sí “Access Key”, applicationKey sí “Secret Key”. Ẹ yan fóldà.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ẹ̀dà náà. Ẹ fọwọ́ sí “Enable client-side encryption”, torí bí ẹ bá ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìṣe é, ẹ ò lè padà wá fi kún un. Òun ló ń ti fáìlì yín pa kó tó kúrò nílé. Ẹ ó yan ọ̀rọ̀ aṣínà, wọn á sì fún yín ní fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pem. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn sórí ìwé, kí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán nílé mìíràn. Ẹ fi .pem sínú flash, kí òun náà jáde nílé. Èmi fi tèmi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ tan “Enable backup rotation” kí ẹ sì mú Smart Recycle, kó lè máa dá ẹ̀dà àtijọ́ sí, kó sì máa yọ èyí tó ti pọ̀ jù.

Ẹ má kó gbogbo ilé lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé 5 Mbps jáde, 500 GB á gbà ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, tọ̀sán-tòru, bí iná ò bá lọ rárá. Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí. Fíìmù lè dúró. Ẹ ra UPS tó ní wáyà USB, kí ẹ so ó mọ́ NAS, kí ẹ sì tan “Enable UPS support” nínú Control Panel, kí NAS lè pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán.

Bó bá parí, ẹ ṣí Backup Explorer nínú Hyper Backup, ẹ mú fọ́tò kan, ẹ tẹ “Download”, kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá pe ẹni tó mú ìwé yín lọ́wọ́, kí ó ka ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí yín létí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èmi máa ń ṣe é.