Ẹ jẹ́ kí sólò tẹ̀lé kọ́ọ̀dù
Ẹ̀yin onígìtá wa ní Mushin àti Sùúrùlérè, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ta sólò, ẹ yé sáré gun scale (ohùn tó ń tẹ̀léra bí àtẹ̀gùn) lásán. Bí orin bá wà lórí kọ́ọ̀dù G (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀), ẹ tẹ okùn kẹta láti ìsàlẹ̀, ká kà á láti orí okùn tó tín-ínrín jù, ní fret 4 (àlàfo kẹrin láàárín àwọn irin orí ọrùn gìtá). Ohùn B nìyẹn. Bí kọ́ọ̀dù C bá ṣe ń wọlé gẹ́lẹ́, ẹ sún ìka sí fret 5. Tó bá kan D, fret 7. Ẹ fi metronome (ohun tó ń lu ìṣísẹ̀ orin) orí fóònù sí 60, ìyẹn ìlù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ẹnu kọ ohùn náà kí ìka tó tẹ̀ ẹ́. Ìka tó bá ń gbéra sókè jù ló ń pẹ́ dé, olórin òde àríyá Èkó kì í sì í dúró de onígìtá. Bí ohùn okùn bá ń han, ẹ tẹ̀ ẹ́ súnmọ́ irin fret tó wà níwájú ìka.