Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ojú Tó Láti Orí Olúmọ, Nínú QGIS

Ọ̀fẹ́ ni QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ máàpù, ẹ má náwó sí òmíràn. Èyí tí wọ́n kọ LTR sí lára ni kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà, òun ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gba fáìlì gíga ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. SRTM, tí ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 2000, tó iṣẹ́ yìí ṣe, àmọ́ Copernicus GLO-30 ni kí ẹ mú, ó tuntun jù ú lọ. Bí détà yín kò bá pọ̀, ẹ gba àyíká Abẹ́òkúta nìkan.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀. Mítà ni fáìlì náà fi ń ka gíga, ṣùgbọ́n dígírì ló fi ń ka ìbú àti òró ilẹ̀. Dígírì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111! Mítà gbọ́dọ̀ bá mítà pàdé kí òkè tó lè jọ òkè. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n á tẹ igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n á yan EPSG:32631 (nọ́ńbà ètò máàpù tó ń fi mítà wọn agbègbè Abẹ́òkúta), ọkàn wọn á balẹ̀. Ojú máàpù nìkan ni ìyẹn yí padà, inú dígírì ni fáìlì ṣì wà. Àwọn mìíràn á lọ tẹ Set Layer CRS. Ìyẹn ló burú jù: orúkọ lásán ló yí, nọ́ńbà kò yí, Abẹ́òkúta á sì bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì, lórí ìlà agbedeméjì ayé.

Warp, tó ń yí fáìlì fúnra rẹ̀ kúrò ní dígírì sí mítà, ni kí ẹ lò: Raster, Projections, Warp. Ẹ yan EPSG:32631, kí ẹ sì mú Bilinear dípò Nearest Neighbour, tó máa ń sọ ara òkè di àtẹ̀gùn. Ẹ fún fáìlì tuntun ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò lójú kí ẹ má baà ṣì í mú. Ẹ wo Pixel Size (ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ ihò kékeré kọ̀ọ̀kan tí fáìlì pín ilẹ̀ sí) ní Information. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 30, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ 0.00027, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ ṣí New 3D Map View, kí ẹ fi fáìlì yín ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Èmi máa ń fi Vertical Scale sí 3, torí òkè Ẹ̀gbá kò ga púpọ̀. Ojú lásán nìyẹn wà fún, kò kan ìṣirò.

Ó wá ku Viewshed ti GDAL, irinṣẹ́ inú QGIS tó ń ṣírò ibi tí ojú tó. Ẹ fi Identify wá ibi tó ga jù lórí Olúmọ, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Observer height ni 1.6, ìyẹn gíga ojú èèyàn tó dúró. Ẹ má kọ 137 síbẹ̀! Gíga Olúmọ sórí òkun nìyẹn, fáìlì sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ ó kàn gbé èèyàn náà rọ̀ sí òfuurufú ni. Mítà 100 péré ni Maximum distance máa ń bá wa, ẹ sọ ọ́ di 5000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní kúrò lórí àpáta. Níbi tó bá ti jáde sí 255, ojú tó o. Níbi tó bá jẹ́ 0, kò tó o.

Ẹ fi Transparency pa 0 rẹ́, kí ẹ tẹ́ máàpù ọ̀fẹ́ OpenStreetMap sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ní ojú tó òpópónà kan ní Ìtòkú, ẹ rántí pé fáìlì mítà 30 kò lè ya ilé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.