Bí a ṣe ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ní táyà nídìí balẹ̀

Àbúrò mi, bí o bá ti wo àwọn ọlọ́mọlanke ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, o ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ń fa ẹrù, ẹrù á máa tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá ń tì í, á fẹ́ yà kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn táyà ńlá méjèèjì ni ìwúwo ọkọ̀ yìí wà; bí imú bá yà díẹ̀, ìdí á fẹ́ sáré kọjá imú, ọkọ̀ á sì yí bìrí.

Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Pẹ́dàlì méjì tó wà lẹ́sẹ̀ ló ń yí imú ọkọ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Tẹ ọ̀kan fẹ́ẹ́, tú u sílẹ̀, tẹ èkejì. Èmi tẹ tọ̀tún mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò tú u sílẹ̀. Inú koríko la ti dúró. Àyà mi já gan-an.

Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, òpin ojú ọ̀nà ni kí o máa wò. Dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, máa fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó balẹ̀ rárá, títí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi kanlẹ̀ pọ̀. Bó bá ta sókè, má bá a jà: fún ẹ́ńjìnnì lágbára, gbéra, tún un ṣe.

Lásìkò ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń ti fẹ́ wá. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, rẹ ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀, kí o fi pẹ́dàlì òdìkejì mú imú tọ́. Má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò o, àfi tí ọkọ̀ bá dúró pátápátá.