Eruku asbestos fọ́n sí yín lára níbi tí ẹ ti ń tún ilé ṣe? Ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ẹni tó fi dírílì lu àjà ilé, tàbí tó fi òòlù wó ògiri balùwẹ̀ àtijọ́, tí ẹnì kan wá sọ fún un lẹ́yìn náà pé ó jọ pé asbestos wà nínú ohun tó wó, oorun ọjọ́ yẹn kì í dùn mọ́ ọn. Á gbé fóònù, á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kiri, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa pàdé ni jẹjẹrẹ. Àyà á já. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ìbẹ̀rù yẹn ló ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sínú ohun tó burú ju èyí tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbá eruku náà, wọ́n á fa ìyókù àjà ya lóru, wọ́n á sáré lọ ya X-ray láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi ló dànù, agbè ò tíì fọ́. Ohun tó ti wọ imú, kò sí ẹni tó lè fà á jáde mọ́. Ṣùgbọ́n eruku tó ṣì wà nílẹ̀ nínú yàrá, ọwọ́ yín ló wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọkàn yín lọ.

Ẹ má fi ọ̀sán ọjọ́ kan wé iṣẹ́ ogún ọdún

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa asbestos bí òkúta. Oríṣi mẹ́fà ló wà, àmọ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé: chrysotile tí wọ́n ń pè ní asbestos funfun, amosite tó pọ́n bí ilẹ̀, àti crocidolite aláwọ̀ búlúù. Iná kì í jó o, ó lágbára, kò sì wọ́n nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pò ó mọ́ páànù sìmẹ́ńtì, àjà, táìlì ilẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ń wé páìpù omi gbígbóná. Bí a bá fọ́ ọ, fọ́nrán tó ń já kúrò lára rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́nà tó pọ̀, ojú lásán ò lè rí i. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó balẹ̀. Èyí tó bá wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ara kì í lè tú u ká.

Mi ò ní fi ewu rẹ̀ pamọ́ fún yín. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka gbogbo oríṣi asbestos mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ọmọ èèyàn: ti ẹ̀dọ̀fóró, ti gògóńgò, ti ilé ẹyin obìnrin, àti mesothelioma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀mí tó lé ní 200,000 ni asbestos ń gbà lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ìṣirò yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Àwọn tó wa asbestos lábẹ́ ilẹ̀ ni, àwọn tó kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń fi asbestos wé páìpù, àwọn tó ń fi ayùn iná gé páànù sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́ láti ìgbà èwe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ìyàwó tó ń gbọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ wà lára wọn. Bí eruku náà ti pọ̀ tó, iye wákàtí, iye ọdún, àpapọ̀ wọn ló ń pinnu ewu. Asbestosis, àpá tó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró le, kì í wá láti inú iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan. Ti mesothelioma yàtọ̀ díẹ̀: ó lè mú ẹni tí eruku tó fà símú kò tó ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Síbẹ̀, àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni, ìwọ̀n ewu tí wákàtí kan tàbí méjì nídìí àjà tó fọ́ ń fi kún ti ẹni kọ̀ọ̀kan sì kéré gan-an.

Gbólóhùn kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni pé kò sí ìwọ̀n asbestos tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu rárá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé àwọn onímọ̀ kò tíì rí ààlà kan tí ewu ti ń di òfo pátápátá. Kò sọ pé èémí kan ṣoṣo ti tó láti pa èèyàn. Ẹni tó fa sìgá ẹyọ kan láyé rẹ̀ àti ẹni tó ń fa páálí kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ewu wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sí dókítà tó máa sọ pé sìgá ẹyọ kan dára. Gbogbo wa pátá, títí kan ẹni tí kò fọwọ́ kan àjà rí, ti fa fọ́nrán asbestos díẹ̀ símú láti inú afẹ́fẹ́ ìta.

Ẹ má gbálẹ̀

Bí ẹ bá mú ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń dùn mí jù, ni pé èèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ eruku ìṣẹ́jú mẹ́wàá di eruku ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbálẹ̀ á gbé ohun tó ti balẹ̀ padà sókè. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku tí a ń lò nínú ilé tún burú jù bẹ́ẹ̀: asẹ́ inú rẹ̀ kò lè mú fọ́nrán tó kéré tó yẹn, yóò gbà á níwájú, yóò fẹ́ ẹ jáde lẹ́yìn, yóò sì tàn án dé yàrá tí asbestos kò dé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní asẹ́ HEPA tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ asbestos nìkan ló bójú mu. Ẹ má tan fáànù pé kí eruku lè jáde. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ àti ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bí eruku bá wà lára aṣọ yín, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù nu ún, ẹ rọra bọ́ ọ kí inú rẹ̀ di òde, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu ọ̀rá náà, kí ẹ wá lọ wẹ̀, kí ẹ sì fọ irun yín. Wọn kì í fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ará ilé yòókù. Bí kò bá jẹ́ pé aṣọ náà níye lórí gan-an, ẹ jẹ́ kó lọ.

Bó bá jẹ́ ihò dírílì kan tàbí èérún kékeré kan ló wà nílẹ̀, ẹ fọ́n omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ sórí rẹ̀ títí yóò fi rin. Ìwọ́nwọ́n ni kí ẹ fọ́n ọn o, kì í ṣe kí ẹ da omi lù ú. Ẹ wá fi àkísà tútù nu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ká àkísà náà kí ẹ̀gbẹ́ tó dọ̀tí bọ́ sínú, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ mú òmíràn. Àwọn kan máa ń rì í bọ inú bákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún un, wọ́n á tún fi nu ibòmíràn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi fọ́nrán kun ilẹ̀, tí omi bá sì gbẹ, ó tún dìde. Ọ̀rá kan kò tó, ẹ fi èkejì wé e, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀. Ẹ má jó o, ẹ má sì dà á mọ́ ìdọ̀tí ilé. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ẹ wà léèrè ibi tí wọ́n ń gbà á sí.

Ìbòmú aláṣọ àti èyí tí àwọn dókítà ń lò nígbà iṣẹ́ abẹ kò lè dá fọ́nrán yìí dúró. Ìbòmú FFP3, irú tó ń sẹ́ eruku tó kéré gan-an, tàbí ìbòmú onírọ́bà tó ní asẹ́ P100 ni wọ́n ń lò, irùngbọ̀n kò sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ á gba àárín irun wọlé. Bó bá jẹ́ pé odindi àjà ló já, tàbí ohun rírọ̀ tí wọ́n fi wé páìpù ló fọ́n ká, ẹ jáde kúrò níbẹ̀, ẹ pe àwọn tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà.

Ẹ má fojú dá a mọ̀

“Mo mọ asbestos bí mo bá rí i.” Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n dájú, ìbáà ṣe káfíńtà tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Láàbù ni wọ́n ti ń fi máíkirosíkóòpù wò ó. Mo ti rí àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ fún oṣù mélòó kan lórí páànù tí wọn kò mú lọ fún àyẹ̀wò rárá, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sìmẹ́ńtì àti fọ́nrán igi lásán ló wà nínú rẹ̀. Ẹ mú nínú èyí tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ fi ránṣẹ́. Láàbù tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ lò.

Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà lè tọ́ yín sọ́nà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de aláwọ̀ búlúù àti amosite ní 1985, wọ́n fòfin de funfun ní 1999. Ọsirélíà ti gbogbo rẹ̀ pa ní ìparí 2003, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2005, Gúúsù Áfíríkà ní 2008, Kánádà ní 2018. Amẹ́ríkà kò fòfin de chrysotile títí di 2024, ibi púpọ̀ ṣì wà láyé tí wọ́n ti ń tà á títí di òní. Torí náà, kí ilé jẹ́ tuntun kì í ṣe ẹ̀rí níbi gbogbo.

Ẹ tún béèrè irú ohun tó jẹ́. Páànù sìmẹ́ńtì sábà máa ń ní asbestos ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, sìmẹ́ńtì sì dì í mú. Bó bá kán sí méjì, ohun tó ń jáde kò pọ̀. Èyí tí wọ́n fọ́n sára irin àti òrùlé lè ní ìdá 85, ìka lásán sì lè rún un wómúwómú. Ìròyìn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà yín bákan náà. Ohun tí ẹ fi ṣiṣẹ́ náà kàn án: ayùn iná àti ẹ̀rọ tó ń ha nǹkan máa ń tú fọ́nrán jáde ju ìṣó tí a kàn fà yọ lọ fíìfíì.

Ẹ má sáré lọ ya X-ray

Kò ní fi ohunkóhun hàn. Ohun tí asbestos ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í hàn lọ́sẹ̀ yìí tàbí lọ́dún yìí. Ó máa ń tó ọdún mẹ́wàá, ogún, tàbí ogójì kí àmì kankan tó yọ. X-ray tó mọ́ lónìí kò sọ pé ẹ bọ́, CT, ìyẹn X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, sì ń fi ìtànṣán tí ẹ kò nílò kún ara yín. Ikọ́ tó mú yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, eruku sìmẹ́ńtì àti ìyẹ̀fun ògiri ló fà á. Asbestos kì í mú èèyàn húkọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun mímu, kò sí oògùn, kò sí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má náwó sí i.

Ẹ lọ rí dókítà bí ọkàn yín bá nílò rẹ̀, kí ẹ ní kó kọ ọ́ sínú fáìlì yín: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, bó ti pẹ́ tó, ohun tí ẹ fọ́, ohun tí láàbù sọ. Ẹni tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó jẹun tàbí kó sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sọ ìyẹn náà fún dókítà. Àìsàn ni ìyẹn pẹ̀lú, ó sì ní ìtọ́jú.

Sìgá ńkọ́? Ní 1979, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Irving Selikoff, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi asbestos wé páìpù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi wọ́n wé ẹni tí kò fa sìgá tí kò sì fọwọ́ kan asbestos. Ewu kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa òṣìṣẹ́ asbestos tí kò fa sìgá jẹ́ ìlọ́po 5. Sìgá nìkan, nǹkan bí ìlọ́po 10. Méjèèjì pọ̀, ó lé ní ìlọ́po 50. Ẹni tó ń fa sìgá tó wá ń wárìrì nítorí eruku àjà, ibi tó ti lè dín ewu rẹ̀ kù jù wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ má wó ìyókù

Asbestos tó wà lódindi, tí ẹnikẹ́ni kò gé, tí kò jẹrà, kì í tú fọ́nrán tó tó nǹkan sáfẹ́fẹ́. Ẹ lè fi ọ̀dà tó nípọn kùn ún, ẹ lè bò ó pẹ̀lú pákó tuntun. Ẹ má fi sáǹdípépà ha á kí ẹ tó kùn ún. Ẹ má fi omi alágbára fọ òrùlé asbestos. Òrùlé á mọ́ lóòótọ́, fọ́nrán á sì bá omi lọ sára ògiri, inú ọgbà àti ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Àwọn kan wà tí tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó ń bẹ̀rù. Wọ́n á ní ó ti fọ́n sí àwọn láìmọye ìgbà, kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Bí àrùn tó ń gba ogójì ọdún kò bá tíì dé, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ń tún ilé ṣe; káfíńtà, oníná àti oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ tó bá yín ṣe é, ilé mìíràn ló ń lọ lọ́la, tiwọn ló ń jọ ti àwọn òṣìṣẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé irin iṣẹ́ sókè. Bí ẹ bá bo àjà asbestos mọ́lẹ̀, ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà àjà, ẹ kọ ibi tó wà, ọjọ́ àyẹ̀wò àti èsì láàbù sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé ilé, kí ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín lè rí i.